Sẹ́ńsọ̀ mi ń rí omi nínú òjò dídì tó gbẹ táútáú: kí ló fà á?

Ọ̀pá-Ìwọ̀n kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Mo fẹ́ mọ iye omi tó wà nínú òjò dídì. Omi tó ti yọ́ ni mò ń wí, èyí tí kò tíì jò jáde, tó ṣì há sáàárín àwọn hóró yìnyín. Tẹmómítà kò ràn mí lọ́wọ́, torí bí òjò dídì bá ti ń rin, 0 °C ni yóò máa kà, ì báà jẹ́ pé omi díẹ̀ ló wà níbẹ̀ tàbí pé ó ti rẹ gbingbin. Mo wá kà pé iná ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, torí omi ń gba agbára iná mọ́ra ju yìnyín lọ fíìfíì. Mo bá ṣe sẹ́ńsọ̀ temi: irin pẹlẹbẹ méjì tó dojú kọra, àlàfo sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta láàárín wọn, mo so wọ́n mọ́ sákíìtì kékeré kan tó ń lù ní nǹkan bí 5 kHz, ìyẹn ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohun tó wà láàárín irin méjèèjì bá ṣe ń gba iná mọ́ra sí ni ìlù náà ń falẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo ti sẹ́ńsọ̀ náà bọ inú òjò dídì tó wà ní −3 °C. Ó gbẹ. Mo fún un mọ́wọ́, kò lẹ̀ mọ́ra, ńṣe ló ń tú ká bí iyẹ̀fun. Síbẹ̀ sẹ́ńsọ̀ ní omi wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe díẹ̀. Nígbà tó di alẹ́, òtútù mú gan-an, òjò dídì náà bọ́ sí −12 °C, iye tí mò ń kà sì já wálẹ̀. Ṣé omi kan ló fara pamọ́ síbẹ̀ tó wá dì lóru ni? Àbí sẹ́ńsọ̀ mi ló ń tàn mí?

WáyàPupa kọ:

Ọ̀gá, kí ẹ tó fẹ̀sùn kan òjò dídì, ẹ kọ́kọ́ yẹ wáyà wò. Wáyà tó ti ara sákíìtì lọ bá irin pẹlẹbẹ yẹn, kapásítọ̀ (ohun tó ń kó iná pa mọ́, bí irin méjì yín) ni òun náà láyè ara rẹ̀. Bó bá gùn, tí ẹ sì ń gbé e sọ́tùn-ún sósì, iye tí ẹ ń kà á máa yí láìjẹ́ pé òjò dídì dá sí i. Ẹ gbé sẹ́ńsọ̀ sínú afẹ́fẹ́ lásán ní −3, kí ẹ tún gbé e síbẹ̀ ní −12. Bí iye méjèèjì bá yàtọ̀ síra, inú sákíìtì ni kí ẹ lọ wá a sí.

Ká ní èmi ni, mi ò ní bá kapásítọ̀ ṣe wàhálà rárá. Ẹ ki irin méjì bọ inú òjò dídì náà, kí ẹ wọn bí iná ṣe ń kọjá láàárín wọn. Yìnyín kì í jẹ́ kí iná kọjá, omi ń jẹ́ kó kọjá. Ó parí.

Ọ̀pá-Ìwọ̀n kọ:

Mo ti ṣe é, ẹ ṣé. Wáyà náà kúrú, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nínú afẹ́fẹ́, iye tí mo kà ní −3 àti ní −12 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Inú òjò dídì nìkan ni wọ́n ti ń yàtọ̀ síra.

Yìnyín-Ló-Mọ̀ kọ:

Àbúrò, sẹ́ńsọ̀ rẹ kò bàjẹ́, kò sì tàn ọ́. Yìnyín gan-an ló ń rí. 5 kHz yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Ohun tí irin méjì rẹ ń wọ̀n ni bí ohun tó wà láàárín wọn ṣe ń gba agbára iná mọ́ra tó. Permittivity ni wọ́n ń pè é, ε ni àmì rẹ̀, àmì yẹn ni màá sì máa lò. Ti afẹ́fẹ́ jẹ́ 1. Ti omi ní 0 °C jẹ́ nǹkan bí 88. Ohun tó gbé ti omi ga tó bẹ́ẹ̀ ni pé mólékù rẹ̀ ní apá kan tó ní iná rere àti apá kejì tó ní iná òdì. Ibi tí iná bá dojú kọ ni mólékù náà ń yíjú sí. Bí iná bá yí padà, òun náà á yí padà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé mólékù inú yìnyín ti dì mọ́lẹ̀, pé kò lè yíjú mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń yíjú, ìfàlẹ̀ ló kàn ń fà lẹ̀. Bí o bá fún un láyè, ìyẹn bí fíríkúẹ́ńsì rẹ (iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Hz ni wọ́n fi ń kà á) bá lọ sílẹ̀ dáadáa, ε yìnyín á gòkè dé nǹkan bí 90, o ò sì ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi. Bí o bá yára jù fún un, kò ní lè bá ọ yí mọ́. ε rẹ̀ á já wálẹ̀ sí nǹkan bí 3.2, á sì dúró síbẹ̀. Ibi tó ti ń já wálẹ̀ yẹn wà ní ẹgbẹ̀rún díẹ̀ Hz, àárín ibẹ̀ gan-an ni 5 kHz rẹ bọ́ sí.

Wàyí o, ti alẹ́ yẹn. Bí òtútù ṣe ń mú sí i ni mólékù yìnyín ń falẹ̀ sí i. Ní −3 °C, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń gbìyànjú láti bá 5 kHz yí. Ní −12 °C, apá wọn ò ká a mọ́. Iye rẹ já wálẹ̀ torí ìyẹn, kò sí omi kankan tó dì. Fi èyí sọ́kàn: bí òjò dídì bá wà lábẹ́ 0 °C, tó gbẹ, tí iye tí ò ń kà sì ń tẹ̀ lé òtútù sókè sódò, yìnyín lò ń wọ̀n.

Ọ̀pá-Ìwọ̀n kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ó yé mi yékéyéké. Mo ti ń ronú pé mo ti rí nǹkan tuntun, àṣé ara yìnyín fúnra rẹ̀ ni. Fíríkúẹ́ńsì wo ni kí n wá gbé e lọ sí? Kí n kàn gbé e sókè bó ṣe wù mí ni?

Yìnyín-Ló-Mọ̀ kọ:

Rárá o, òkè náà ní òrùlé. Omi fúnra rẹ̀ ní ibi tí apá rẹ̀ kò ti ká ìyípadà iná mọ́: ní 0 °C, ìyẹn wà ní nǹkan bí 9 GHz (bílíọ̀nù Hz mẹ́sàn-án). Bí o bá sún mọ́ ibẹ̀, ε omi á máa já wálẹ̀, omi á sì máa jẹ agbára iná náà run. Nítorí náà àyè kan ló ṣí sílẹ̀ fún wa, láti mílíọ̀nù Hz mélòó kan títí dé nǹkan bí 1 GHz. Láàárín ibẹ̀, yìnyín dúró sí 3.2 láìka òtútù sí, omi sì wà lókè ní 88. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Denoth ṣe ní Innsbruck, ní Austria, 20 MHz (ogún mílíọ̀nù Hz) ló ń lò, irin pẹlẹbẹ ló sì fi ń ṣe é bíi tìrẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Snow Fork, tó jáde láti Finland, tí Sihvola àti Tiuri kọ nípa rẹ̀ ní 1986, ó ń lo àárín 500 sí 900 MHz. Fọ́ọ̀kì ni lóòótọ́, ó ní eyín méjì tí wọ́n ń kì bọ ara òjò dídì.

WáyàPupa kọ:

Mo gbà pé fíríkúẹ́ńsì ló fa ti àkọ́kọ́. Àmọ́ ẹnì kankan ò tíì dá mi lóhùn lórí irin méjì àti bí iná ṣe ń kọjá. Èyí ò ní wàhálà 20 MHz, ẹnikẹ́ni lè ṣe é.

Oòrùn-Àárọ̀ kọ:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn, torí mo ti gba ọ̀nà yẹn rí, mo sì pàdánù odidi oṣù kan sí i.

Omi tó mọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí iná kọjá. Àwọn iyọ̀ àti ásíìdì tó yòrò sínú rẹ̀ ló ń gbé iná kọjá. Tí irin méjì yín bá wá ń ka nǹkan, iyọ̀ lẹ ń kà, omi kọ́. Ká ní iyọ̀ náà dúró síbì kan ni, ì bá rọrùn, à bá kàn ṣe ìṣirò rẹ̀ kúrò. Àmọ́ nígbà tí yìnyín ń dì, ó máa ń ti iyọ̀ sí ojú hóró. Bí ó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, omi tó kọ́kọ́ jáde ló ń fọ èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ náà lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ̀n, iná ń kọjá dáadáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òjò dídì náà rin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú lásán rí i, síbẹ̀ iná tó ń kọjá ti dín kù. Ìgbà yẹn ni mo jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ pa kapásítọ̀ lára bí fíríkúẹ́ńsì bá ga, torí bí fíríkúẹ́ńsì ṣe ń lọ sókè ni ipa tí ìkọjá iná ń kó nínú ohun tí ẹ̀ ń kà ń kéré sí i. Ìdí mìíràn nìyẹn tí 20 MHz fi sàn ju 5 kHz lọ.

WáyàPupa kọ:

Ẹ ṣé, èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Mi ò mọ̀ pé iyọ̀ máa ń ṣáájú omi jáde bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pá-Ìwọ̀n kọ:

Ó dáa. Ká ní mo ti ní sákíìtì 20 MHz, mo sì ti ka ε. Báwo ni mo ṣe ń ti orí ε dé orí omi?

Yìnyín-Ló-Mọ̀ kọ:

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú dání ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí: sẹ́ńsọ̀ kò ka omi fún ọ. ε ló ń kà, ohun mẹ́ta ló sì pò pọ̀ di ε yẹn: afẹ́fẹ́, yìnyín, omi. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye tó jẹ́ ti yìnyín kó o tó lè mọ ti omi. Ohun tó ń sọ ti yìnyín fún ọ ni dẹ́ńsítì, ìyẹn bí gíráàmù ṣe pọ̀ tó nínú sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan. Bí o ò bá wọn dẹ́ńsítì, má wulẹ̀ kọ iye omi sílẹ̀.

Fọ́múlà Denoth tí wọ́n ń lò fún 20 MHz títí dé 1 GHz rèé:

ε = 1 + 1.92ρ + 0.44ρ² + 0.187W + 0.0046W²

ρ ni dẹ́ńsítì, W ni ìdá omi nínú ọgọ́rùn-ún àyè. Ẹ jẹ́ ká fi ṣiṣẹ́. Òjò dídì tí dẹ́ńsítì rẹ̀ jẹ́ 0.40, tó gbẹ: ε á jẹ́ 1.84. Ìyẹn náà pẹ̀lú omi 3%: 2.44. Ìyàtọ̀ 0.6 péré. Wàyí, ká ní o ṣi dẹ́ńsítì wọ̀n, o pe 0.45 ní 0.40. Àṣìṣe yẹn nìkan á ti ε sókè pẹ̀lú 0.115, wàá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi tó ju 0.5% lọ wà níbi tí kò ti sí. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ òjò dídì tí omi rẹ̀ jẹ́ 1% yàtọ̀ gan-an sí èyí tí kò ní omi rárá.

Anfààní tí Snow Fork ní nìyẹn. Yàtọ̀ sí ε tó ń kà láti inú fíríkúẹ́ńsì tí fọ́ọ̀kì náà ti ń dún jù, ó tún ń ka bí agbára ṣe ń ṣòfò tó. Yìnyín kì í fi bẹ́ẹ̀ fi agbára ṣòfò níbẹ̀, omi ń fi ṣòfò. Pẹ̀lú ohun méjì yìí ó lè ṣe ìṣirò omi àti dẹ́ńsítì lẹ́ẹ̀kan náà.

Oòrùn-Àárọ̀ kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ò yé mi nínú fọ́múlà yẹn. Omi 3% tí ε rẹ̀ jẹ́ 88, tí mo bá kàn ṣe ìlọ́po, ó yẹ kó fi nǹkan bí 2.6 kún un. Fọ́múlà ní 0.6. Níbo ni ìyókù lọ?

Yìnyín-Ló-Mọ̀ kọ:

Ìbéèrè gidi lo béèrè yìí. Ìrísí omi ló fà á.

Ká ní omi náà tò bí okùn gígùn láti orí irin kan dé orí ìkejì, 2.6 yẹn lò bá rí. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ nínú òjò dídì. Nígbà tí omi kò tíì pọ̀, ibi tí hóró méjì ti fara kanra ló máa ń rọ̀ mọ́, á yí ọrùn ibẹ̀ ká bí òrùka kékeré, afẹ́fẹ́ á sì wà láàárín òrùka kan àti èkejì. Ìkán omi tó dá dúró bẹ́ẹ̀ máa ń ti iná kúrò nínú ara rẹ̀; ojú rẹ̀ ń kó iná jọ, iná yẹn sì ń dojú ìjà kọ èyí tí o rán lọ. Bí omi bá wá ń pọ̀ sí i, àwọn òrùka á bẹ̀rẹ̀ sí í so pọ̀, omi á di ọ̀nà tó já síra. Ìgbà yẹn ni omi tó fi kún un á máa gbé ε sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. W² tó o rí nínú fọ́múlà ń sọ díẹ̀ nínú ìtàn yẹn.

Nítorí ìrísí yìí náà ni fọ́múlà àwọn èèyàn kì í fi í bára mu. Ti Tiuri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, 1984, fún 1 GHz, sọ pé omi ń fi 8.7W + 70W² kún ε, W tiwọn sì jẹ́ ìpín nínú 1, kì í ṣe nínú ọgọ́rùn-ún. Mú ìlọsókè 0.61 kan ṣoṣo. Fọ́múlà Denoth á sọ fún ọ pé omi 3% ni. Ti Tiuri á sọ pé 5%. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ méjèèjì síbi kan náà rí ní Switzerland, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011: Snow Fork ló ń ka omi tó pọ̀ jù. Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ iye omi fún ọ, bi í léèrè ẹ̀rọ tó fi wọ̀n ọ́n àti fọ́múlà tó lò kó o tó fi wé tìrẹ.

Ẹsẹ̀-Òkè kọ:

Mo kí gbogbo yín. Orí òkè ni iṣẹ́ mi wà, òjò dídì tó lè ya lulẹ̀ la máa ń ṣọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sí ibi tí ọwọ́ ti ń kan ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo ti rí kò sí nínú fọ́múlà rárá.

Ẹ gbẹ́ kòtò, kí ẹ fi ẹ̀yìn yín bo ògiri tí ẹ fẹ́ wọ̀n kúrò lọ́wọ́ oòrùn. Bí oòrùn bá fi ìṣẹ́jú mélòó kan péré tàn sí i, omi tuntun tí ẹ̀yin gan-an dá sílẹ̀ lẹ máa wọ̀n. Irin sẹ́ńsọ̀ náà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan báyìí mo gbé e lé orí àpò mi nínú oòrùn nígbà tí mò ń kọ̀wé. Nígbà tí mo ti irin náà bọ ara ògiri, iye tó kọ́kọ́ fún mi ga, ó sì ń gòkè sí i bí mo ṣe ń wò ó. Nígbà tí mo yọ ọ́, mo rí omi bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké lójú irin náà, ara ògiri sì ti dán bíi dígí níbi tí irin ti kàn án. Láti ọjọ́ yẹn, inú òjò dídì ni sẹ́ńsọ̀ mi ń gbé títí mo fi máa lò ó, mo sì máa ń nù ún lẹ́yìn ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan.

Ìdàkejì rẹ̀ ni àlàfo. Tí ẹ bá ń mi ọwọ́ nígbà tí ẹ ń ki irin bọ ọ́, afẹ́fẹ́ á kù sí ẹ̀gbẹ́ irin, ẹ ó ka iye tó kéré. Ara irin gan-an ni iná ti lágbára jù, nítorí náà àlàfo tí kò ju èékánná lọ ti tó láti ba ìwọ̀n jẹ́. Ẹ wọn ibì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí ọ̀kan bá yapa sí méjì tó kù, ẹ wo ihò tó fi sílẹ̀.

Kí ẹ sì máa fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ìpín tí gbogbo ayé ń lò, èyí tí UNESCO tẹ̀ jáde ní 2009, sọ ọ́ báyìí: tó bá ń lẹ̀ mọ́ra nígbà tí ẹ fún un díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò rí omi pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá, kò tó 3%. Tí ẹ bá rí omi láàárín hóró pẹ̀lú awò yẹn, àmọ́ tí kò ro jáde bí ẹ ṣe fún un, 3 sí 8%. Tí omi bá ń ro jáde lọ́wọ́ yín, 8 sí 15%. Tó bá kọjá ìyẹn, ó ti rẹ. Ọwọ́ kò lè sọ 4 yàtọ̀ sí 6, àmọ́ tí sẹ́ńsọ̀ bá sọ 9% tí ọwọ́ yín sì gbẹ, ọwọ́ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ọ̀pá-Ìwọ̀n kọ:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku ìbéèrè kan. Bí fọ́múlà méjì bá lè yàtọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni mo lè fi dán sẹ́ńsọ̀ mi wò tí kò ní iná nínú rárá?

Oòrùn-Àárọ̀ kọ:

Omi gbígbóná. Yìnyín ń gba 334 kJ kí kìlógíráàmù rẹ̀ kan tó yọ́. Omi tó ti yọ́ tẹ́lẹ̀ kò nílò ìyẹn mọ́. Nítorí náà, òjò dídì tó rin kò ní tu omi gbígbóná yín lára tó èyí tó gbẹ.

Ẹ mú 400 g omi ní 60 °C sínú fíláàsì, ẹ da 200 g òjò dídì tó wà ní 0 °C sí i, ẹ pò ó, ẹ ka ibi tí tẹmómítà dúró sí. Bí òjò dídì náà bá gbẹ, á dúró sí nǹkan bí 13.4 °C. Bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ bá jẹ́ omi, á dúró sí nǹkan bí 16.1 °C. Ẹ rí i pé ìdá kan kò ju 0.27 °C lọ, torí náà tẹmómítà tó ń ṣi nǹkan kà kò wúlò níbẹ̀. Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ iye ooru tí fíláàsì fúnra rẹ̀ ń gbà. Mi ò kà á sínú ìṣirò òkè yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe àṣìṣe tí mo ti rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́: omi gbígbóná ń fún yín ní ìdá nínú ìwúwo, sẹ́ńsọ̀ ń fún yín ní ìdá nínú àyè. Ẹ fi dẹ́ńsítì ṣe ìlọ́po. 10% nínú ìwúwo, pẹ̀lú dẹ́ńsítì 0.40, jẹ́ 4% nínú àyè. Iye kan náà ni.

Ojú-Sátẹ́láìtì kọ:

Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ε yìí náà la ń rí láti ọ̀nà jíjìn. Rédà kì í yára nínú òjò dídì bó ṣe ń yára nínú afẹ́fẹ́. Ó ń falẹ̀ bí gbòǹgbò ε (√ε) ṣe ń ga sí. Pẹ̀lú iye tí ẹ̀gbọ́n lò lókè, ìyẹn 1.84 àti 2.44, òjò dídì tó ga tó mítà kan ń gba nǹkan bí 9.0 ns (ns kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá) fún àlọ àti àbọ̀ rédà bó bá gbẹ, àti 10.4 ns bí omi 3% bá wà nínú rẹ̀. Ní Weissfluhjoch, lókè Davos, wọ́n ri rédà mọ́ ilẹ̀ kí òjò dídì tó rọ̀, ó sì ń wo òkè. Kò sẹ́ni tó ń gbẹ́ kòtò.

Láti ojú ọ̀run ọ̀rọ̀ náà tún yí padà. Sátẹ́láìtì rédà tí wọ́n ń pè ní Sentinel-1 ń lo nǹkan bí 5.4 GHz, níbi tí omi ti ń jẹ agbára run. Òjò dídì tó gbẹ ń jẹ́ kí ìgbì náà kọjá lọ sí ilẹ̀, èyí tó rin ń gbé e mì, ó sì ń dúdú nínú àwòrán. A mọ ibi tó rin. Iye omi tó wà níbẹ̀ kò hàn sí wa dáadáa, torí sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lókè ni ìgbì náà ń rí. Ní July 2012, bẹ́ẹ̀ ni sátẹ́láìtì fi hàn pé nǹkan bí 97% ojú yìnyín Greenland ló ń yọ́ lákòókò kan náà.

Ọ̀pá-Ìwọ̀n kọ:

Mo ti padà dé, mo sì mú àbájáde wá. Mo tún sákíìtì ṣe sí 20 MHz.

Àkọ́kọ́, òjò dídì tó gbẹ. Mo wọ̀n ọ́n ní −9 °C ní ìdájí, mo tún wọ̀n ọ́n ní −2 °C nígbà tí oòrùn jáde. Iye kan náà, ε = 1.66. Dẹ́ńsítì jẹ́ 0.31, fọ́múlà ní kó jẹ́ 1.64. Mo jókòó sínú kòtò náà fún ìgbà díẹ̀, mò ń wo nọ́ńbà tó dúró síbì kan náà. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó móoru. Ní ọ̀sán, apá òkè fún mi ní 2.21, dẹ́ńsítì 0.38, ìyẹn omi 2.1%. Ó ń lẹ̀ mọ́ra lọ́wọ́, awò kò fi omi hàn. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, mo kan ìpele líle kan, pẹlẹbẹ bí àwo, tí ìka mi kò lè wọ̀. Lórí rẹ̀ gan-an, 2.95, dẹ́ńsítì 0.42: omi 5.1%. Mo da omi gbígbóná sí èyí tí mo bù níbẹ̀, ó fún mi ní 11% nínú ìwúwo. Mo fi 0.42 ṣe ìlọ́po: 4.6%.

Ẹsẹ̀-Òkè kọ:

Ẹ kú oríire! 4.6 àti 5.1 sún mọ́ra dáadáa fún ẹ̀rọ tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe. Ṣé ẹ wọn abẹ́ ìpele líle yẹn? Ìyẹn ló jẹ mí lógún jù. Ibi tí omi bá ti dúró lórí nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àwọn hóró ti ń tú kúrò lára wọn.

Ọ̀pá-Ìwọ̀n kọ:

Mo wọ̀n ọ́n, mà. 1.98, dẹ́ńsítì 0.41. Omi 0.6%. Omi náà kò tíì ráyè kọjá, orí ìpele náà ló jókòó sí. Ṣé mo lè fi sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ mọ́jú kí n máa wo bó ṣe ń lọ?

Ẹsẹ̀-Òkè kọ:

Fún òru kan, ó ṣeé ṣe, pàápàá bí ẹ bá fi òjò dídì dí kòtò náà padà kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ ògiri. Fún ọ̀sẹ̀ kan, rárá. Òjò dídì á yọ́ kúrò lára irin, á sì fi ihò sílẹ̀ yí i ká. Iye yín á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ lẹ ń wọ̀n. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n ri rédà mọ́ ilẹ̀ níbi tí ojúgbà wa sọ nìyẹn.

Ọ̀pá-Ìwọ̀n kọ:

Òru kan náà ni mo fi sílẹ̀. Ojú ọ̀run mọ́, òtútù sì mú. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà ìdájí, tẹmómítà tó wà lórí ìpele líle náà ka −4 °C. ε ti kúrò ní 2.95, ó ti di 1.90, bẹ́ẹ̀ fọ́múlà ní 1.88 fún òjò dídì tó gbẹ ní dẹ́ńsítì yẹn. Mo yọ sẹ́ńsọ̀, mo rọra fọ ara ògiri wò pẹ̀lú ọ̀bẹ. Níbi tí omi wà lánàá, hóró ti so mọ́ hóró gan-in gan-in, ọ̀bẹ náà sì ń dún bó ṣe ń kọjá lára wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dì lóòótọ́.